Yàrá Inú fún Ìyálé, Fàráńdà fún Ìyàwó

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Òpópónà Mọ́lípa,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Iṣẹ́ Ìrìnàjò Ayọ̀tọ̀míwá,
Òpópónà Ìbàdàn,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ YÀRÁ TÍ KÒ NÍ FÈRÈSÉ TÍ AKỌ̀WÉ YÍN KỌ SÍ ORÚKỌ MI NÍNÚ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

1. Èmi ni ìyálé Alhaji Síkírù tó ń ta símẹ́ǹtì ní Ìta-Ọ̀sùn tẹ́lẹ̀. Ọdún kọkàndínlógójì rèé tí mo ti wà nílé rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún un, Abdulhakeem ni àkọ́bí. Mo ń ta ike àti kúlà ní Ọjà Òkè-Àjé, èmi sì ni alága àwọn oníke níbẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ̀wé ẹjọ́ kiri. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nikùn àgbà, ṣùgbọ́n tèmi ti ń mì láti ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá sì dákẹ́, tara mi á bá mi dákẹ́.

2. Alhaji yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ní òun kò fẹ́ ayẹyẹ kankan. Òun fẹ́ kó àwọn ìyàwó òun méjèèjì lọ sójú òkun fún ọjọ́ mẹ́wàá, láti ìlú Bàsẹ́lónà, nínú irú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbafẹ́. Ó ní kí n wá ọkọ̀ tó dára. Èmi ló sọ fún, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Kò sọ fún ẹlòmíràn.

3. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo ń fi awò ojú ka fóònù títí ojú fi ń ta mí. Ọkọ̀ márùn-ún ni mo kọ sínú ìwé. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn. Mo ní inú ọjà ni mo ti ń bọ̀, n kò tún lè lọ há sínú ọjà mìíràn lórí omi. Èkejì kéré, ṣùgbọ́n ọtí ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀kẹta kò ní dókítà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Alhaji jà. Ẹ̀kẹrin kì í dúró ní èbúté ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn yóò ti ṣe sọ̀ kalẹ̀ kó sì tún padà? Ẹ̀karùn-ún ló pé: kò tóbi jù, wọ́n ń se oúnjẹ tí Mùsùlùmí lè jẹ, dókítà wà. Mo tún béèrè apá ibi tí ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀, wọ́n ní àárín ni, nísàlẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, Mardiyah, ìyàwó kejì, ń wo fíìmù ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀: bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lójú òkun.

4. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin, akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Joel, gbé fọ́ọ̀mù wá sílé wa. Ó lẹ́kọ̀ọ́, ó dọ̀bálẹ̀, èmi ló sì kọ́kọ́ bi nítorí èmi ni àgbà. Ó ní yàrá méjì ló kù ní àárín ọkọ̀ náà, ọ̀kan inú, ọ̀kan ìta; èwo ni mo fẹ́? Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Ta ní í fi ìyálé sí ìta? Yàrá inú ni ti ìyálé. Ibẹ̀ ni àpótí rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni ọkọ ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Èyí tó kọjú sí títì, àlejò là ń fún. Kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti dáhùn pé inú. Mo tiẹ̀ yíjú wo Mardiyah bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òun ní èyí tó bá ṣẹ́kù, òun fara mọ́ ọn.

5. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Joel fi àwòrán yàrá méjèèjì ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí wa. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òkun ló ṣẹ́kù fún Mardiyah. Ilẹ̀kùn gíláàsì, fàráńdà, àga méjì tó kọjú sí omi. Mo ka àwọn àga náà dáadáa. Nínú tèmi, bẹ́ẹ̀dì, gílóòbù, àti kọ́tìnì kan. Mo ní fèrèsé á wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo tẹ akọ̀wé yín láago, ó ní rárá, Màmá, dígí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n wá gun òkun fún ọjọ́ mẹ́wàá kí n máa wo ojú ara mi ni?

6. Mo mọ̀ pé ẹnu ara mi ni mo fi yàn án. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yín mọ̀ pé yàrá inú kò ní fèrèsé, kò sì wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wí i.

7. Alhaji pín òru márùn-ún fún mi, márùn-ún fún Mardiyah, bó ṣe ń ṣe nílé. N kò bá a jà lórí ìyẹn. Ọ̀sán ló ń dùn mí. Ọkùnrin yẹn kì í jókòó sínú ilé. Bó bá ti kírun Alásárì tán, yóò gbé àga síta, yóò máa gba atẹ́gùn títí di Mọ̀gàríbì. Níbo ni yóò gbé àga sí nínú yàrá tèmi? Nígbà tí mo fi àwòrán náà hàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Hakeem, a ó máa wá kí ọ níbẹ̀.” A ó kẹ̀! Òun àti ta ni? Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò ní purọ́ nínú ìwé: mo ń jowú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti lọ Mẹ́kà, mo sì ń jowú nítorí àga.

8. Mardiyah fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ yàrá, kò ní dùn mí rárá.” Mo ní kó dìde, mo ní yàrá mi tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ mi, n kò lè gbà á lọ́wọ́ ìyàwó bí ẹni ń gba sàárà. Bí mo bá gbà á, títí ayé ni n ó máa dúpẹ́. Ó sì fi tọkàntọkàn sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

9. Ní ọdún 1986, ọdún tí Alhaji fẹ́ mi, a máa ń fi ọkọ̀ onípákó gbé símẹ́ǹtì láti Ẹ̀pẹ́ lọ fún àwọn ará etí ọ̀sà. Orí àpò la máa ń jókòó, èmi ni mo ń fi garawa gbọ́n omi inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní tó bá yá, a ó wọ ọkọ̀ tí kò ní ẹrù nínú, a ó kàn jókòó lásán, àwa méjèèjì, a ó máa wo omi. Wọn kò tíì bí Mardiyah nígbà náà. N kò mọ̀ bóyá Alhaji ṣì rántí. N kò bi í, ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè ti gbàgbé.

10. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín kí ẹ pààrọ̀ yàrá wa, kí ẹ sì kọ̀wé sí Alhaji pé àwọn tó ni ọkọ̀ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ lẹ́tà yìí.

11. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n bá mi gbé àga kẹta sí fàráńdà náà. Bí àyè kò bá sì gba mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé lọ́jọ́ kan péré, láti ìgbà tí a bá kírun Alásárì tán títí oòrùn yóò fi wọ̀, àga kan jẹ́ ti Síkírù, èkejì jẹ́ ti Kúbúrátù. Kí Mardiyah mú ọjọ́ mẹ́sàn-án yòókù. Kò sí ẹrù tí n ó gbé dání.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé àgbàlagbà.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀,

Alhaja Kúbúrátù Síkírù,
Ìyálé.