Màrìwò Tí Bàbá Rẹ Kò So

                                        Agbo Ilé Ajíbádé,
                                        Erúnmu,
                                        Ìbàdàn.
                                        9 Oṣù Keje, 1962.

Sàníù Àlàó, ọmọ ọmọ mi, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé ara rẹ le? Ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà ọyẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé o ń jẹun kánú, àbí gààrí mímu ni lójoojúmọ́? Ọ̀gá rẹ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́? Bá mi kí wọn. Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò bẹ akọ̀wé kankan, mi ò sì jẹ́ kí tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà nírọ̀lẹ́ fojú kàn án. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́ lójú ìwé, máa fò ó.

Kí n kọ́kọ́ ro ti ìdílé fún ọ. Àbúrò rẹ Mojí ti wọlé ọkọ ní Alákìá lẹ́yìn Iléyá. A ò se àsè, àdúà nìkan la ṣe, a sì sin ín dé ọ̀nà. Ìyàwó Ṣítù awakọ̀ bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, Ṣítù sì ní lọ́rì òun lòun á fi lọ kó owó orí wọn lọ́wọ́ àwọn àna tí wọn kò tíì bí. Ìyàwó Mùnírù bí ọkùnrin nígbà ọyẹ́. Ọmọ náà ti ń jókòó báyìí. Mo fi tirẹ̀ gbẹ̀yìn nítorí pé ìkómọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sí ọ.

Ṣítù jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní o bi òun ní gáréèjì pé, ṣé òótọ́ ni pé ẹnu èmi ìyá bàbá rẹ ni wọ́n gbà dá ẹjọ́ ikú fún bàbá rẹ. O kò bi mí fúnra rẹ. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti parí, o kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Mi ò bínú. Ẹni tí iná jó bàbá rẹ̀ kò lè ṣàì béèrè pé ta ló ni ìṣáná. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ fún ọ kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, nítorí náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O mọ oko bàbá rẹ lẹ́yìn odò. Lọ́yẹ́ yìí, olè ń wá jí iṣu tó tò sínú abà. Ó ṣọ́ ọ títí, kò rí i mú. Ló bá gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó ń so ó mọ́ ìdí igi lẹ́bàá ọ̀nà abà bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ bá kan okùn, ìbọn á dún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á lọ tú u. Kì í ṣe ohun tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ibí ṣe ń dẹ ìbọn fún ìmàdò. Àmọ́ ẹni tó bá dẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ so màrìwò tútù sí ẹnu ọ̀nà oko. Ẹni tó bá rí màrìwò á yà gba ibòmíràn. Kò sí ọmọ Erúnmu tí kò mọ̀ ọ́n. Ìmàdò kò mọ ohun tí màrìwò ń sọ, èèyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ gé màrìwò. Ó gbé e wálé, ó fi í ti ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń lọ. Mo pè é.

“Àrẹ̀mú, màrìwò rẹ rèé o.”

“Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá.”

“Kí n fi sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé èmi ni n ó wá bá ọ so ó ni?”

“Bí mo bá so ó, olè á rí i, á yà. Ẹ jẹ́ kó wá.”

“Olè nìkan kọ́ ló lẹ́sẹ̀ o.”

“Ìyá, ẹni tí kì í ṣe olè, kí ló ń wá lóko mi kí ilẹ̀ tó mọ́? Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò fẹ́ pa á. Ìsàlẹ̀ ni mo ń so ìbọn sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kó ṣẹ́, kí gbogbo Erúnmu lè rí ẹni tó ń tiro, kí wọ́n sì bá mi kí i.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Màrìwò náà gbẹ síbi ìkòkò omi.

O mọ̀ pé bàbá rẹ àti Yésúfù àti Mùnírù jọ ń ṣe àáró. Bí wọ́n bá ṣe oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn ló kàn. Mùnírù ló kàn lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló bọ́ sí ìkómọ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ Yésúfù pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe oko Àrẹ̀mú ní kùtùkùtù, kí wọ́n wá bá òun nílé bí oòrùn bá ti ga. Yésúfù yà sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti sọ fún bàbá rẹ. Bàbá rẹ ti lọ dẹ ìbọn, èmi sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ìyá rẹ, ó kàn sọ fún un pé kò burú, àwọn á pàdé lóko. O mọ ìwà Yésúfù. Ó fẹ́ràn kó ti ṣán ìdajì iṣẹ́ kí olóko tó dé, kó wá máa fi olóko ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ ṣì ń ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ìbọn dún. Ó nàró, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó ti bọ́ sí i!” Inú rẹ̀ dùn, Sàníù. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sáré lọ.

Yésúfù ti ń ṣán koríko bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ba, ó ń ṣiṣẹ́ fún bàbá rẹ, nígbà tí àdá rẹ̀ kan okùn. Ọta tí wọ́n so sísàlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀, ikùn ló bá. Bàbá rẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọdé, ó ń gbé e bọ̀ wá sílé. Mùnírù pàdé wọn létí odò. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Yésúfù ń tún sọ lẹ́yìn bàbá rẹ ni pé, “Àrẹ̀mú, mi ò rí màrìwò. Mi ò rí màrìwò.” Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti dákẹ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n rí màrìwò gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní ọmọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹlẹ́rìí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Baálé pe gbogbo ilé jọ. Ó ní kí n sọ pé Àrẹ̀mú gbàgbé. Ó ní, “Gbàgbé ò pa ẹnikẹ́ni, Ìyá Àrẹ̀mú. Èèyàn a máa gbàgbé.” Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Àjọkẹ́, ìyá Yésúfù, wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Èmi àti òun la jọ ru èlùbọ́ lọ sí Ìyànà Ọ̀fà nígbà tí a wà lọ́mọge. Kò sunkún. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, ó wo ìkòkò omi, ó ní, “Mùjíbátù, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ bi. Ṣé Àrẹ̀mú gbàgbé ni, àbí ńṣe ni kò so ó?” Mo dìde, mo bu omi fún un. Kò gbà á, ó ní, “Ó dára,” ó sì dìde lọ. Sàníù, n kò tíì gbọ́ èébú tó dùn mí tó “ó dára” yẹn.

Lọ́yà tí a gbà ṣàlàyé fún wa pé òfin kì í wo ọwọ́ nìkan, ó ń wo inú pẹ̀lú. Ó ní bó bá jẹ́ pé bàbá rẹ gbàgbé ni, àìbìkítà ni wọn yóò kà á sí, ẹ̀wọ̀n ni yóò lọ, yóò sì padà wálé. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀. Mo ní, “Lọ́yà, kò ní Yésúfù sínú rárá. Àwo kan ni wọ́n fi ń jẹun.” Nítorí ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá pa èèyàn, ohun tí a ń béèrè ni pé, ṣé wọ́n jà? Ṣé wọ́n du ilẹ̀? Ṣé wọ́n du obìnrin? Bí kò bá sí ìjà, a ó ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni, a ó jọ sunkún. Lọ́yà mi orí. Ó ní, “Ìyá, òfin ò béèrè bóyá ó fẹ́ràn Yésúfù. Ohun tó ń béèrè ni ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kan okùn yẹn, ẹni yòówù kó jẹ́.” Mo gbọ́ ọ. Kò yé mi. Mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un, nítorí mò ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí yóò gba bàbá rẹ là.

Ní kóòtù ńlá ní Ìbàdàn, mo fi Kùránì búra. Lọ́yà ìjọba jẹ́ ọmọ kékeré kan, ó ń pè mí ní Màmá. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n bi mí pé ṣé ọmọ mi gbàgbé màrìwò náà ni. Mo wo bàbá rẹ nínú àhámọ́, ó ti rù. Mo wo Àjọkẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó pọn ọmọ Yésúfù tó kéré jù sẹ́yìn. Mo ní, “Kò gbàgbé.” Àwọn ará ilé wa pòṣé. Ìyá rẹ bú sẹ́kún.

Nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo fi pamọ́. Mo ní, “Ṣùgbọ́n kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, Olúwa mi. Ẹsẹ̀ olè ló fẹ́ kó ṣẹ́.” Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo rò pé okùn ni mo jù sí ọmọ mi nínú kànga. Mo rí i tí lọ́yà wa fi ọwọ́ bo ojú. Adájọ́ gbé gègé sílẹ̀, ó ní kí ògbufọ̀ jẹ́ kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo tún gbé ohùn sókè, kí ó má baà ṣi mí gbọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní ẹni tó bá pète láti ṣe ẹlòmíràn léṣe tó burú, tí ìyẹn sì ti ibẹ̀ kú, inú apànìyàn ni òfin ka inú rẹ̀ sí. Ó ní ì báà jẹ́ olè ló ń retí, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dé, ọ̀kan náà ni. Ó ní òun kò lè la inú ẹnikẹ́ni wò, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sọ ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹjọ́ ikú.

Mo ti rò ó títí, níbi tí mo ti ń ṣẹ́ igi, níbi tí mo ti ń kírun. Inú èèyàn jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màrìwò tí èèyàn gé tí kò so, ìta gbangba ló wà, ẹnu ọ̀nà mi ló wà. Bí wọ́n bá tún pè mí lọ́la, mi ò mọ̀ bóyá n ó sọ ti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n “kò gbàgbé” yẹn, n ó tún un sọ. Yésúfù kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá a sọ ọ́.

Lọ́yà ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Èkó níbẹ̀. Ó ní ká máa ṣe àdúà, èmi sì mọ ohun tí lọ́yà máa ń ní lọ́kàn bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọlọ́run. Mo ti lọ wo bàbá rẹ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní, “Ìyá, ẹ ò parọ́ mọ́ mi.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wá béèrè ni pé ṣé Àlàó ti kọ lẹ́tà. Mo ní o ti kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ni irọ́ tí mo pa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, má dúró de ẹjọ́ Èkó. Wá wò ó. Ohun tó o fẹ́ bi mí, òun ni kó o bi. Bó o bá sì dé Erúnmu, yà sọ́dọ̀ Àjọkẹ́ kó o tó yà sọ́dọ̀ mi, kó o dọ̀bálẹ̀ fún un, bí kò tilẹ̀ dá ọ lóhùn. Ìyá rẹ ń kí ọ. Mojí ń kí ọ. Mùnírù ní kí n kí ọ, kò lè gbé ojú sókè wò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan ju pé a bímọ fún un.

Mo fi owó rán Ṣítù sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Fi wọkọ̀ wá, kó o fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ra ọṣẹ àti èso dàbínù fún bàbá rẹ. Owó aṣọ ìsìnkú mi ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Mo rò pé bàbá rẹ ni yóò sin mí. Póùn méjì ni.

Èmi ìyá bàbá rẹ, tí kò tíì ṣíwọ́ ríretí lẹ́tà rẹ,

Mùjíbátù Àṣàbí