Wá Dùnú

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ mi, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń wo fọ́tò àwọn tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì lórí fóònù. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi fà ro.

Sènámì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, yọjú. "Wá dùnú!"

Mo rò pé ó ní kí n wá dunnú, pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá onílé bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo fẹjọ́ sùn. "Ègùn ló sọ, ọmọ mi. Ó ní kí o wá jẹun ni."

Òun lẹni àkọ́kọ́ tó pè mí jẹun ní Àgbádárìgì...

Lọ́la, màá fi fóònù sílẹ̀, màá lọ bẹ̀ ẹ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.