Ọ̀nà Tẹ́ Ẹ Gbà Kọ́ Mi Ni Mo Fi Kọ́ Wọn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí a ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́ yín. Ara Màmá le. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Slipway, mo sì ń kán epo sí i.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé ilé-ìwé kan ní Lakpazee ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò. Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín, ní àwọn máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Bí iṣẹ́ mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n máa lọ sílé. Bàbá, mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an ni. Gbogbo ibi tí mo ti wáṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, òun nìkan ló dá mi lóhùn.

Infinitive ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, tí wọ́n fi "to" síwájú rẹ̀: to cut, to sew, to sleep. Ó jọ ìgbà tí a bá ní láti gé, láti rán, láti sùn. Kò sọ ẹni tó ṣe é, kò sì sọ ìgbà tó ṣe é. Kò le, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Monrovia níbí: "I wan go", "I wan eat", a sì ń gbọ́ ara wa yé. Mo kọ òfin rẹ̀ sójú pátákó, wọ́n há a sórí bí ọmọ kéú. Nígbà tí mo ní kí wọ́n sọ tiwọn, "I wan go" náà ni wọ́n tún ń sọ. Mo jágbe mọ́ wọn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mo tilẹ̀ na ọmọbìnrin kan lẹ́gba lọ́wọ́, èmi tí ẹ ò nà rí.

Lọ́jọ́ tí Màdáámù wá jókòó, mo dúró ti pátákó, ohun tí mo fẹ́ sọ sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ṣọ́ọ̀bù yín. Mi ò lè fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. "Mo fẹ́ gé e" nìkan ò tó yín. Ẹ máa di aṣọ náà mú, ẹ ò ní bínú, títí màá fi sọ pé mo fẹ́ gé apá ọ̀tún láti ojú ìlà títí dé ìgúnpá. Ìgbà yẹn lẹ tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Inú máa ń bí mi, mo rò pé ẹ ò fọkàn tán mi ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá?

Mo nu pátákó. Mo ní lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní ṣe nǹkan kan àyàfi tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe, láìfi "to" sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa, kó ṣe é. Ọmọ kan dìde: "I want to open the window." Ó ṣí i. Òmíràn ní "I wan drink water." Mo di ife náà mú, mi ò bínú, mo ń wò ó. Ó ronú, ó ní "I want to drink water", mo bá jọ̀wọ́ ife. Kò pẹ́ tí gbogbo ọwọ́ fi wà lókè. Ọmọ tí mo nà wá dìde, ó ní "I want to sit far from you." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé pérépéré. Mo jẹ́ kó lọ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nígbà tí a sì parí, mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ti gbà mí, Bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo dúpẹ́ gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo ń fajú ro yẹn, iṣẹ́ lẹ ń fi lé mi lọ́wọ́.

Màdáámù béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní ọ̀dọ̀ bàbá mi ni, télọ̀ ní Slipway, tí kò wọ kíláàsì rí. Wọ́n ní kí n mú yín wá lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ wá fi han àwọn tísà yòókù. Ó yẹ kí n sọ fún wọn nígbà yẹn. Àwọn tó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, Yorùbá ni gbogbo wọn fi kí mi. Mi ò tíì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì rí pé ẹ ti kú. Mo kàn ní inú yín á dùn láti wá.

Màá sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ Ajé, màá sì dúró níwájú àwọn tísà náà fúnra mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí dìgbà náà, pé ibì kan ṣì wà ní Lakpazee tí wọ́n ti ń retí yín.

Kí Ọlọ́hun fọ̀run kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ fi sùúrù kọ́.