Ọbẹ̀ Ọmọ Ajá Tí Àlejò Bù Lẹ́ẹ̀mejì

Màmá àgbà mi ní Jindo,

Mò ń jẹun dáadáa nílé Àǹtí Miok, ìyàwó ọmọ yín. Ìdúró ni mo fi ń jẹun ní kíṣìnnì, kó lè tètè dé ẹsẹ̀. Ọmọ ajá wọn ló ń jókòó jẹun. Èmi ni mò ń se tirẹ̀: ẹran màlúù, elégédé, ẹyin àti ìrẹsì díẹ̀, láìsí iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà, kí egungun rẹ̀ lè le. Bí ẹ bá bu omi ọbẹ̀ àjẹkù fún un bíi ti ajá yín, àǹtí á pe ọlọ́pàá.

Lánàá, àǹtí sọ fún àwọn àlejò wọn pé, "Ẹ má wo ará oko yìí, ajá mi mọ oúnjẹ jù ú lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́kọ́ bu ti ajá sọ́tọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀, torí òun ò ṣẹ̀ mí. Mo wá po ata àti omi sóyà oníyọ̀ mọ́ èyí tó kù, mo gbé e fún wọn. Àlejò bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí lá abọ́ títí ó fi ń dán.

"Narae, o ti ń di èèyàn."

"Ẹ ṣé, àǹtí. Ó ń mú egungun le."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n tún ń gbàlejò. Mo ti ra elégédé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo rù, irọ́ ni, aṣọ mi ló fẹ̀ sí i. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Narae yín