Iṣẹ́ Láàbù Tó Dára Jù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kó bá ẹ lórí ìjókòó àlàáfíà. Ara gbogbo wa le níbí. Ìwé tí ò ń kà kò ní di ẹrù tí ọrùn rẹ ò lè gbé.

Ọ̀rọ̀ tí o sunkún sọ lórí fóònù ò kúrò lọ́kàn mi. O ní olùkọ́ yín dá iṣẹ́ láàbù rẹ padà, pé ó dára jù. Mo ní kí o tún un sọ, o tún un sọ, síbẹ̀ kò yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, oníbàárà ti dá aṣọ padà fún mi torí pé ó há, torí pé apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a padà rí pé ó bá òun mu jù.

Bàbá rẹ ní kí a kúkú ṣe iṣẹ́ náà nílé, ká fojú ara wa rí i. Ó mú irin tó fi ń wò ó bóyá ògiri dúró ṣánṣán, ó so ó mọ́ òwú ìránṣọ mi, ó fi kọ́ igi àjà, ó sì tì í kó máa fì lọ fì bọ̀ bí o ṣe ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ yá fóònù káfíńtà àdúgbò wa láti fi ka àkókò. Nígbà tí bàbá rẹ rí bí nọ́ńbà ṣe ń sáré lójú fóònù, ó ní ká ṣe kíá, kí káàdì onífóònù má baà tán.

Mo ka àkókò tó fi fì lọ fì bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ náà kà á, kò bára mu. A tún un ṣe, ó tún yí padà. Bàbá rẹ ní atẹ́gùn ni, a ti fèrèsé. Ó ní èmi ni mò ń mí sí i, mo di imú mú. Irin kan náà, òwú kan náà, síbẹ̀ nọ́ńbà kọ̀, kò dúró sójú kan. Nígbà tí a fi máa ṣe tán, èmi àti bàbá rẹ ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí mo jókòó ti máṣíìnì mi ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. O ní gbogbo nọ́ńbà tìrẹ ló bára mu rẹ́gí. Ọmọ mi, ṣé o ti irin yẹn ní gbogbo ìgbà tí o kọ sílẹ̀, àbí o tì í lẹ́ẹ̀kan, o wá forí ro èyí tó kù? Mi ò bá ẹ jà. Bí o bá tì í, ní kí olùkọ́ wá dúró tì ẹ́, kó máa wò ẹ́ bí o ṣe ń tún un ṣe. Bí o ò bá tì í, lọ bẹ̀ ẹ́, kí o tì í, kí o sì kọ ohun tí o bá rí, ì báà rí wúruwùru. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kí o wọn afárá. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa gba orí ẹ̀ kọjá.

Èyí tí kò tíì yé mi ni pé o ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ àṣìṣe yín sísàlẹ̀ ìwé, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe tóbi tó. Èmi, abẹ́ ojú rírán ni mo máa ń fi tèmi pamọ́ sí.

Bí àwọn tí ò ń kọ́ ọmọ wọn bá fún ẹ ní nǹkan, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra káàdì fún káfíńtà. Ó ní kò sí owó tó dín nínú fóònù òun, àmọ́ bàbá rẹ ò gbà.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n níbi tó yẹ kó dúró. Bó bá sì gbọ̀n, ẹnu rẹ á lè sọ pé ó gbọ̀n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ