Àbùlẹ̀ fún Olójúkan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Bélú, 2025

Èmi Fákúnlé ni mò ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀wé. Waliyullah, tó ṣe akọ̀wé ní rélùwéè láyé ọjọ́un, ló ń bá mi kọ ọ́. Kíláàkì ni mò ń pè é. Mo ti kìlọ̀ fún un: kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó má sì fi àdúrà tirẹ̀ kún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Dúróoríkẹ́, ìyàwó mi, kú lọ́dún tó kọjá. Mo ti sunkún tán. Mo fi oko kòkó Ìmẹ̀sí-Ilé sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi, Ẹ̀bùnọlá, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo níbí. Ilé dákẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Fídíò ni Ẹ̀bùn ń yà jẹun. Lónìí, ọmọbìnrin kan dá fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ padà. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Àǹtí, ẹ wo ojú mi. Ṣé ẹrẹ̀ ni mo fi kun ún ni?" Mo bá wọn wò ó. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, ó rẹwà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Kámẹ́rà yẹn — Olójúkan ni mò ń pè é — tòkunbọ̀ ni. Dúróoríkẹ́ ló rà á fún ọmọ rẹ̀, lọ́dún kan tí kòkó so dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀bùn ṣàlàyé fún mi. Ó ní ojú Olójúkan kò lárùn, gbogbo nǹkan ló ń rí. Àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ló ní kó má kó púpọ̀ sílẹ̀, kí káàdì rẹ̀ má baà tètè kún. Nítorí náà, bí ewé bá ń mì, tàbí tí ènìyàn dúdú bá ń rìn lábẹ́ ibòji, ṣe ló máa ń gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹrẹ̀. Ọkùnrin kan lókè òkun ti wá ṣe àbùlẹ̀ sí àṣẹ yẹn. Kámẹ́rà tó bá gba àbùlẹ̀ náà, kò ní ṣahun mọ́.

Mo ní kí ni ọkùnrin náà ń gbà. Ó ní kò gba nǹkan kan. Mo ní ta ni bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ orúkọ ọkùnrin náà gan-an, ká má tíì sọ ti bàbá rẹ̀.

Ewu wà níbẹ̀ o. Bí bátìrì bá tán kó tó parí, tàbí tí nǹkan kan bá kọ lù ú nígbà tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, Olójúkan kú nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ní dá wa lóhùn, nítorí àbùlẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn.

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, àwọn ará Ẹ̀sà-Òkè tó fẹ́ sin ìyá wọn ní àwọn máa wo iṣẹ́ mi kí wọ́n tó gbà mí. Tí wọ́n bá rí ẹrẹ̀ yìí, Bọ́lárìnwá ni wọ́n máa pè." Bọ́lárìnwá náà ń yà fídíò nígboro. Kámẹ́rà tirẹ̀ tuntun ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò fẹ́ kó fọwọ́ kan Olójúkan. Kíláàkì ní kí ló dé. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó dáa. Ohun tó dé nìyí. Fídíò kan ṣoṣo ló kù tí Dúróoríkẹ́ wà nínú rẹ̀. Oko ni Ẹ̀bùn ti yà á, kí àìsàn tó gbé e dè. Níbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn — obìnrin yẹn kì í dúró sójú kan — gbogbo rẹ̀ wá di ẹrẹ̀, òun àti igi àti ilẹ̀. Ní ìparí, ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó nà án gbọọrọ. Ó tán.

Ẹ̀bùn gbà pé òun ni ìyá òun ń fi ọwọ́ yẹn lé, pé kí òun yéé yà á. Ó ní, "Ohun tí Yèyé mi sọ fún mi kẹ́yìn nínú kámẹ́rà nìyẹn." Kì í wò ó mọ́. Èmi ni mò ń wò ó láàárọ̀, lójú kékeré tó wà lẹ́yìn Olójúkan, tí Ẹ̀bùn bá ti lọ wẹ̀. Ó ní òun ti dà á sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, kò lè sọnù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú Olójúkan ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo bi í bóyá àbùlẹ̀ náà lè fọ ẹrẹ̀ inú fídíò yẹn. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ohun tó bá rí láti ìsinsìnyí lọ nìkan ni."

Mo ní kó ṣe é. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kíláàkì ti Jímọ̀ dé.

A ti ṣe é. Irin ni Olójúkan. A kì í tú inú irin láìfún Ògún lómi tutù. Ẹ̀bùn, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ní, "Ẹ bọ Ògún yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí i. Tí epo bá kàn án, ẹ̀yin lẹ máa di kámẹ́rà." Mo ta omi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo pa obì. Ó gbé Olójúkan sórí bẹ́ǹṣì, bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ni adìẹ Ìyá Kàósárà ará ilé kejì bá fò síhà bẹ́ǹṣì. Mo gbá a mú níyẹ́ apá lófuurufú. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì yá tó bẹ́ẹ̀.

Iná kú. Ẹ̀bùn tàn án padà. Ó yè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Káàdì tuntun ni Ẹ̀bùn fẹ́ máa lò nínú Olójúkan báyìí. Ó yọ ti àtijọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó jù ú sínú agolo sàdíìnì tó ń kó ìṣó àti bátìrì kíkú sí.

A kì í lé onílé kí àlejò lè rí ibi jókòó. Nígbà tó lọ sọ́jà, mo dá ti ìyá rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Mo ti máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe é: tì í títí ó fi ké. Mo fi ti tuntun sínú agolo. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì.

Kíláàkì wò mí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

A lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti dán an wò. Ẹ̀bùn fẹ́ ibi tí ewé pọ̀ sí, pẹ̀lú ènìyàn dúdú tó ń rìn. Ó ní èmi ni. Láti ìgbà tí Dúróoríkẹ́ ti kú, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni yà mí. Mo gbà ti èyí nítorí iṣẹ́ ni.

Mo rìn lábẹ́ kòkó. Kò pẹ́ rárá tí Olójúkan fi dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀bùn tún un ṣe, Olójúkan tún dúró. Ó tún un ṣe. Bákan náà. Ẹ̀bùn jókòó lórí òkìtì èèpo kòkó. Ó ní, "Mo ti pa kámẹ́rà Yèyé mi."

A wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀bùn kò jẹun. Ó ní òun máa yọ àbùlẹ̀ náà lọ́la, bí Olójúkan bá lè gbà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo bi í kó tó bẹ̀rẹ̀: kí ló lè mú kó máa dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní àbùlẹ̀ náà ń mú kó kó nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé bí káàdì bá lọ́ra, á dà bí ìgbà tí ènìyàn ń da kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́nu ìgò. Á fún un lọ́rùn. Ó ní ṣùgbọ́n káàdì tí òun rà kì í lọ́ra, ìdí tí òun fi rà á nìyẹn.

Mo dìde. Mo gbé agolo sàdíìnì wá.

Ó wo inú agolo. Ó wò mí. "Bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

Mo ní, "O fi ìyá rẹ sáàárín ìṣó."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Kò sì tètè dáwọ́ dúró, mi ò mọ èwo ni ẹ̀rín mọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó yọ káàdì ìyá rẹ̀, ó dì í sínú áńkáṣíìfù, ó fi sápò bùbá mi. Ó ní, "Ẹ máa gbé e dání. Kò ní lọ síbi agolo mọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

A padà sóko. Mo rìn láti ahéré dé odò, mo gba orí ìtì igi tó dábùú rẹ̀ kọjá. Olójúkan kò dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwọn ará Ẹ̀sà-Òkè rí i lórí fóònù Ẹ̀bùn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Kíláàkì ní Alihamudulilahi. Mo gbà kó kọ ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀bùn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n wá wo ara mi nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹrẹ̀. Ewé kòkó kọ̀ọ̀kan dá dúró. Irùngbọ̀n mi funfun, fìlà mi lu níwájú. Mo rí arúgbó kan tó ń rìn, mi ò kórìíra rẹ̀.

Mo dé ibi ìtì igi. Mo gun orí rẹ̀, mo rìn dé àárín. Mo dúró. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, mo la àtẹ́lẹwọ́, mo ń retí. Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn mi. Ó ṣe díẹ̀, mo ká ọwọ́ kò, mo bá tèmi lọ.

Mi ò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi Ògún búra.

Ẹ̀bùn ní, "Bàbá, ta lẹ na ọwọ́ sí?"

Ìtì igi yẹn máa ń yọ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ̀ ni a ti ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ó tún un wò. Lẹ́yìn náà, kò tilẹ̀ tọrọ gáfárà, ó ki ọwọ́ bọ àpò mi, ó yọ káàdì ìyá rẹ̀. Ó gbé fídíò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igi kòkó kan tó tẹ̀ wà nínú tèmi, kedere. Ó fi ìka tọ́ ọ nínú ti ìyá rẹ̀: nínú ẹrẹ̀ yẹn, dúdú kan tó tẹ̀ bákan náà. Ibì kan náà ni. A ò mọ̀ rí, nítorí ẹrẹ̀ kì í sọ orúkọ ibi tó wà.

Dúróoríkẹ́ na ọwọ́. Níwájú rẹ̀, létí àwòrán, àbàwọ́n kékeré kan wà tí a ti ń pè ní ewé látọjọ́ yìí. Ẹ̀bùn wọ̀n ọ́n mọ́ ọwọ́ mi tó wà nínú fídíò kejì. Bí ọ̀kan ṣe ga sí lókè ìtì igi ni èkejì ṣe ga sí.

Ewé kọ́. Ọwọ́ mi ni. Òun ló ń fẹ́ dì mú.

Ẹ̀bùn ní, "Kò lé mi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó tún un sọ: "Bàbá, Yèyé mi ò lé mi."

Mo ní, "Kò lé ẹ."

Kíláàkì ní ṣé kí òun dá kíkọ dúró ná. Mo ní rárá. Mo ní kó padà sójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí mo ti ní mo ti sunkún tán, kó pa á rẹ́. Ó ní bíró ni òun fi kọ ọ́, kò ṣe é pa rẹ́.

Mo ní ó dáa. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó kàn kọ ọ́ síbí pé irọ́ ni mo pa.