Owó Ọkọ̀ Dé Èbúté Tí Kò Sí Mọ́

                                        Yàrá Kẹta Lókè,
                                        Ilé Oníwèé Ìròyìn,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Kejì.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú àfojúsí abẹ́rẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ ti fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ṣé bàbá wọn sì ti dé láti ẹnu iṣẹ́? Ara tèmi náà le, àfi ẹsẹ̀ tó ń ro mí.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí n tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú irin gbé fún mi, kí wọ́n lè dá káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní ẹ̀dínwó padà. Ẹ ní bí mi ò bá ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín ń bọ̀ wá bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò lẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀, òkúta máìlì ni mo máa ń kà lójú fèrèsé. Ní ibùdókọ̀ ìparí, níbi tí gbogbo wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta kẹẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ni. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára pátákó owó ọkọ̀ pé iye kan ni títí dé òkúta kẹẹ̀ẹ́dógún, pé ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ló ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ẹni tó kọjá ibẹ̀ ni gbogbo wa sì ń san. "Èbúté" ni wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì wa.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ ló tú u fún mi. Bàbá rẹ̀ ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní Èbúté nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń dé etí omi gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ò wá mọ́, wọ́n hú irin máìlì méjì tó kẹ́yìn, wọ́n sì sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ di ibùdókọ̀ ìparí. Wọ́n ní àwọn á dín owó kù bí àwọn bá ti tún pátákó kùn. Ó di ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyá yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti kùn ún lójú òun. Ọ̀dà ló ń yí padà, owó ò yí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré, èyí tó ń gbé èèyàn dé òkúta kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ kẹrin ni ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, tí a ń pè ní Ọ̀gá Fèrè, mú mi, tó gba káàdì mi, tó ní olè ni mí. Ohun tó sì wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn, pé mo jí ìrìn àjò máìlì méjì.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹ mọ̀ mí, ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi dá àlejò lóhùn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀gá wọn ní gbogbo ayé ń sanwó, kò pa ẹnikẹ́ni, ta ni mo pe ara mi? Ó ti bírò sọ́dọ̀ mi. Èmi náà kó owó sórí tábìlì rẹ̀.

"Owó Èbúté rèé, sà," ni mo wí. "Ó pé. Ẹ wá gbé mi dé Èbúté."

Birikìlà kan tó wá béèrè ẹrù rẹ̀ tó sọnù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dúró dè mí o. Ọdún mọ́kànlá lèmi ti ń sanwó ibẹ̀, mi ò tíì fojú kàn án."

Ẹ̀rín pa akọ̀wé. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí oṣù yìí bá parí tí mi ò tọwọ́ bọ̀wé, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó rí káàdì gbà.

Wákàtí méjì ni mo fi ń rìn lọ sílé ìwé báyìí, méjì ni mo fi ń padà. Ìdánwò sì ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la ti ń fowó ọwọ́ ra èké yìí níbí. Èmi ò rà á mọ́.

Nítorí náà, ẹ má wá bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wá wò mí ni, ẹ tètè máa bọ̀, àárò yín ń sọ mí. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì bá na ti Èbúté sí yín, ẹ bi í pé aago mélòó lẹ ó débẹ̀. Ẹ má kúrò lójú fèrèsé títí yóò fi dáhùn, bí ìlà tilẹ̀ gùn dé títì. Ẹnu tiyín yá ju tèmi lọ.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ní kí n kí yín, bí ẹ ò tilẹ̀ mọra yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ní tọwọ́ bọ̀wé,
Àbígbẹ̀yìn.